Ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí kò kú, àti ẹ́ńjìnnì tí kò lè yí jẹ́jẹ́

Ní agbègbè Bantè àti Savalou, gàárì jẹ́ oúnjẹ, ó sì tún jẹ́ owó. Gàárì kíkúnná tí wọ́n ń pè ní sohui ti sọ orúkọ Savalou di mímọ̀ káàkiri ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ, owó oògùn, owó aṣọ ọdún, inú gàárì ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń rí i.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọ́n á fi ìṣó lu ihò sí ara páànù, wọ́n á máa rin ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọwọ́ á bó, ẹ̀yìn á ro. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń rin ẹ̀gẹ́ ní ọ̀pọ̀ abúlé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mìíràn ní ẹ̀rọ tiwọn. Àwọn mìíràn ń gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní i.

Ẹ̀rọ yìí dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbó, àìsàn méjì ló sábà máa ń ṣe é. Èkíní: ẹ fẹ́ pa á, kò kú. Èkejì: ẹ fẹ́ kó yí jẹ́jẹ́, ó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ̀rọ tí kò ṣeé pa kíákíá lè gé ọwọ́ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń fa àìsàn méjèèjì, àti bí a ṣe lè tọ́jú wọn.

ẸŃJÌNNÌ WO NI À Ń SỌ?

Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ ní apá méjì. Apá kan ni àgbá eléyín tó ń rin ẹ̀gẹ́. Apá kejì ni ẹ́ńjìnnì tó ń yí àgbá náà. Kúrúwà, tí àwọn mìíràn ń pè ní bẹ́líìtì, ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó ń mu ẹ̀sáǹsì ni à ń sọ níbí. Irú rẹ̀ ni Honda GX160, tí agbára rẹ̀ tó ẹṣin 5 àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà fara wé e. Okùn ni a fi ń fà á kó tó dìde.

Ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń mu gáásóòlì, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní bùjí. Epo ni a ń dí mọ́ ọn lọ́nà kó tó kú. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ sọ nípa wáyà kò kan ẹ́ńjìnnì gáásóòlì.

BÁWO NI BỌ́TÌNÌ ṢE Ń PA ẸŃJÌNNÌ?

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀sáǹsì nílò ohun mẹ́ta: epo, afẹ́fẹ́, àti iná. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́.

Níbo ni iná náà ti ń wá? Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní bátìrì. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí. Òòfà wà lára kẹ̀kẹ́ náà. Ní gbogbo ìgbà tí òòfà bá kọjá níwájú bóbìnì, bóbìnì á bí iná. Iná náà á gba inú wáyà tó nípọn lọ sí bùjí. (Àwọn ará Nàìjíríà ń pe bùjí ní pílọ́ọ̀gì.) Níbẹ̀ ni iná á ti ta pàrà, tí á sì jó epo àti afẹ́fẹ́.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Bọ́tìnì iná ilé ń GÉ ọ̀nà iná nígbà tí a bá pa á. Bọ́tìnì ìpa ẹ́ńjìnnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, bọ́tìnì ń SO wáyà bóbìnì mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹ́káníìkì ń pe ara irin yìí ní máàsì. Bí wáyà bá ti kan máàsì, iná á ṣòfò sínú irin. Kò ní dé bùjí mọ́. Ẹ́ńjìnnì á kú.

Ẹ lè fi wé omi tó ń ṣàn nínú poro oko. Bí ẹ bá ya ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, omi kò ní dé ìdí ewébẹ̀ mọ́. Ẹ kò dí orísun omi. Ẹ kàn yà á gba ibòmíràn ni.

Láti inú ọ̀rọ̀ yìí, a lè mọ ohun méjì:

1. Bí wáyà ìpa bá já, bọ́tìnì kò ní rí ohun so mọ́ máàsì. Ẹ́ńjìnnì kò ní kú.

2. Bí wáyà ìpa bá bó, tí ó sì ń kan irin, iná á máa ṣòfò nígbà gbogbo. Ẹ́ńjìnnì kò ní dìde, tàbí kó máa kú lójijì láàárín iṣẹ́.

Wáyà kan náà ló ń fa àìsàn méjèèjì.

KÍ LÓ Ń BA WÁYÀ ÀTI BỌ́TÌNÌ JẸ́?

Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì máa ń jẹ irin. Nígbà tí a bá ń rin ẹ̀gẹ́, omi náà ń ta sí ara ẹ́ńjìnnì. Ó ń wọ inú bọ́tìnì. Ìpẹtà á bò ó, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ń ha wáyà mọ́ etí irin títí wáyà á fi bó. Ooru ibi tí èéfín ń gbà jáde ń yọ́ ara wáyà. Eku pàápàá máa ń jẹ wáyà nígbà tí a bá ti ẹ̀rọ mọ́lé ní àkókò tí iṣẹ́ kò sí.

BÍ ẸŃJÌNNÌ BÁ KỌ̀ TÍ KÒ KÚ, KÍ NI KÍ A ṢE LẸ́SẸ̀KẸSẸ̀?

Ẹ má sáré. Ẹ má pariwo mọ́ ara yín. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ sọ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n kúrò nídìí ẹ̀rọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀gẹ́ sí i mọ́.

2. Ẹ dá ọwọ́ epo padà, kí eré ẹ́ńjìnnì dínkù.

3. Ẹ ti ìdérí afẹ́fẹ́ pa pátápátá. Òun ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní sítátà, èyí tí a máa ń tì kí ẹ́ńjìnnì tútù tó dìde. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, ẹ́ńjìnnì sábà máa ń kú láàárín àkókò kúkúrú.

4. Ẹ ti ẹnu epo tó ti inú táńkì wá. Bí sítátà kò bá tilẹ̀ pa á, epo tó kù nínú kábúrátọ̀ á tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe: Ẹ má fi ọwọ́ fa fìlà bùjí yọ. Iná ilé wa jẹ́ 220 fóòtì. Iná tó ń lọ sí bùjí jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Ó lè gbọ̀n yín, kí ọwọ́ yín sì bọ́ sórí kúrúwà. Ẹ má fi igi ti kúrúwà kúrò nígbà tó ń yí. Ẹ má fi aṣọ tàbí ọwọ́ di ohunkóhun tó ń yí mú.

Kí gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ mọ ohun mẹ́rin yìí, àní ọmọbìnrin tó kàn wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

BÍ A ṢE LÈ FI GÍLÓÒBÙ TỌ́Ọ̀ṢÌ YẸ WÁYÀ WÒ

Ẹ kò nílò irinṣẹ́ olówó ńlá. Ẹ wá gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó dára, bátìrì tọ́ọ̀ṣì 2, àti wáyà 2. Ẹ to bátìrì tẹ̀lé ara wọn, kí orí ọ̀kan kan ìdí èkejì. Ẹ so wáyà kìíní mọ́ ìdí bátìrì ìsàlẹ̀. Ẹ gbé ìdí gílóòbù lé orí bátìrì òkè. Ẹ so wáyà kejì mọ́ ara irin gílóòbù. Ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn. Bí gílóòbù bá tàn, irinṣẹ́ yín ti ṣe tán.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú, kó sì tutù. Ẹ yọ kúrúwà. Ẹ yọ fìlà bùjí, kí ẹ́ńjìnnì má baà dìde bí ẹnìkan bá fa okùn.

Ẹ wá wáyà tó ti inú bọ́tìnì wá. Tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú títí dé ibi ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹ tú u níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní wáyà mìíràn tó wá láti ibi òróró, ẹ tú òun náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: wáyà wo ló so mọ́ èwo? Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ jẹ́ kó ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ fi ẹnu wáyà irinṣẹ́ kan kan apá tó wá láti inú bọ́tìnì. Ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tí kò ti sí ọ̀dà àti ìpẹtà. (Ẹ má fi kan apá tó lọ sí bóbìnì. Bóbìnì fúnra rẹ̀ ti so mọ́ irin, gílóòbù á kàn máa tàn lásán, á sì ṣì yín lọ́nà.) Lẹ́yìn náà, ẹ yí bọ́tìnì síwá sẹ́yìn, kí ẹ sì wo gílóòbù.

• Ní ipò ÌPA, gílóòbù tàn. Ní ipò IṢẸ́, kò tàn. Bọ́tìnì àti wáyà dára.

• Ní ipò ÌPA, gílóòbù kò tàn. Ọ̀nà ti já. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì kò fi kú.

• Ní ipò IṢẸ́, gílóòbù ń tàn. Wáyà ń kan irin níbi kan, tàbí bọ́tìnì ti lẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì kò fi dìde.

• Gílóòbù ń tàn, ó ń kú, bí ẹ bá ń mi wáyà. Wáyà ti fẹ́ já ní ibi tí ẹ ń mì náà.

BÍ A ṢE LÈ TÚN UN ṢE

Bí wáyà bá já tàbí tó bó, ẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Ẹ so ojúlówó wáyà mọ́ ọn, kí ẹ lọ́ ọ dáadáa, kí ẹ sì fi téèpù dúdú wé e. Ẹ jẹ́ kí wáyà gba ibi tó jìnnà sí kúrúwà àti ibi tó ń gbóná. Ẹ dè é mọ́ ibi tí kò ti ní máa jó.

Bí ìpẹtà bá wà níbi tí wáyà tàbí bọ́tìnì ti kan irin, ẹ fi bébà oníyanrìn ha á títí irin á fi dán. Ẹ dè é le. Bí bọ́tìnì fúnra rẹ̀ bá ti jẹrà nínú, ẹ ra tuntun. Kì í ṣe ohun tó wọ́n bí ìka ọwọ́ ènìyàn.

Ẹ tún fi gílóòbù yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá dára, ẹ so gbogbo wáyà padà bí ẹ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dìde láìsí kúrúwà, kí ẹ sì pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá kú lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè dá kúrúwà padà.

Bí gílóòbù bá ní gbogbo nǹkan dára, ṣùgbọ́n tí àìsàn náà kò lọ, apá wáyà tó wà lábẹ́ ìdérí kẹ̀kẹ́ ńlá ló kù. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mẹ́káníìkì. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ á yá, owó tí ẹ máa san á sì dínkù.

Ohun kan tún wà. Àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn ní ẹ̀ṣọ́ òróró. Bí òróró ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀ṣọ́ náà á pa iná bùjí kí irin má baà jẹ irin. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì tó sì kọ̀ tí kò dìde, ẹ kọ́kọ́ wo òróró. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sí ibi tó tẹ́jú. GX160 ń gba òróró bíi ìdajì lítà àti díẹ̀ sí i. Àwọn kan máa ń gé wáyà ẹ̀ṣọ́ òróró dànù kí ẹ́ńjìnnì lè máa ṣiṣẹ́. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ pátápátá.

KÍ NI RÀLÁŃTÌ?

Nígbà tí a bá dá ọwọ́ epo padà, ẹ́ńjìnnì yẹ kó máa yí jẹ́jẹ́ láì kú. Yíyí jẹ́jẹ́ yìí ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní ràláńtì. Fún GX160, ó jẹ́ nǹkan bí ìyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá ń sáré tán, ó ń tó nǹkan bí 3,600.

Ràláńtì ni ìsinmi ẹ́ńjìnnì. Òun náà ni ààbò yín. Bí ìyá kan bá fẹ́ gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mìíràn wá, ó yẹ kó lè dá ẹ̀rọ padà sí jẹ́jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú ní gbogbo ìgbà tí a bá dá a padà, kí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe? Fífa okùn ti sú wọn. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa sáré tagbára tagbára láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n á máa na ọwọ́ kọjá lórí àgbá eléyín tó ń sáré. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Àwọn mìíràn á mú irin ìyísíkúrù, wọ́n á yí síkúrù ràláńtì wọlé títí ẹ́ńjìnnì kò fi ní lè yí jẹ́jẹ́ mọ́. Ẹ́ńjìnnì kò kú mọ́, wọ́n rò pé ó ti sàn. Kò sàn. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá. Ìdọ̀tí tó wà nínú kábúrátọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Epo púpọ̀ ń jó. Ẹ sì mọ̀ pé owó ẹ̀sáǹsì tó ń ti Nàìjíríà wá, tí a ń pè ní kpayo, ti lọ sókè láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dá owó ìrànwọ́ orí epo dúró. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré lásán ń jó owó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ rántí òfin yìí: SÍKÚRÙ LÓ KẸ́YÌN. Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí àìsàn.

ẸSẸẸSẸ NI KÍ Ẹ WÁ ÌDÍ RẸ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ mọ́ epo, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ gbé e jìnnà sí ààrò gàárì. Òórùn ẹ̀sáǹsì tí ẹ kò fi ojú rí lè rìn dé ìdí iná, kó sì gbiná padà wá bá yín. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Ẹ má fi ẹnu fa ẹ̀sáǹsì láéláé. Bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn.

1. Epo. Ẹ bu epo díẹ̀ láti inú táńkì sínú ìgò funfun tó mọ́. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ó máa lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ̀sáǹsì á wà lókè. Bí ẹ bá rí omi tàbí erùpẹ̀, ẹ da epo táńkì náà sínú kẹ́gì. Ẹ nu táńkì mọ́. Síkúrù kan wà ní ìdí kábúrátọ̀. Ẹ gbé abọ́ sábẹ̀ rẹ̀, ẹ tú u, kí ìdọ̀tí jáde.

2. Sítátà. Ẹ wò ó bóyá ó ṣí tán. Bí ó bá ṣí ìdajì, ẹ́ńjìnnì á máa yọ èéfín dúdú, kò sì ní lè yí jẹ́jẹ́.

3. Asẹ́ afẹ́fẹ́. Eruku gàárì àti eruku ọ̀nà máa ń dí i. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ó bá jẹ́ bébà, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má lo ẹ́ńjìnnì láìsí asẹ́.

4. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ẹ di kábúrátọ̀ mú, kí ẹ sì mì í. Bí ó bá ń mì, ẹ de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ wo bébà líle tó wà láàárín kábúrátọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti ya, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì á máa sáré, á máa rẹlẹ̀, bí ẹni tó ní òtútù.

5. Bùjí. Ẹ tú u. Bí ó bá dúdú tó sì tutù, ẹ nù ún. Àlàfo tó wà lẹ́nu rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 0.7 sí 0.8 mìlímítà. Bí ẹ kò bá ní ìwọ̀n, káàdì ike irú ti báńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó láti wọn àlàfo náà.

6. Ihò ràláńtì. Ihò tín-ín-rín kan wà nínú kábúrátọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, ihò yìí nìkan ni epo ń gbà. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìdọ̀tí bíńtín lè dí i. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì fi lè sáré dáadáa, síbẹ̀ tí kò lè yí jẹ́jẹ́: ihò ńlá mọ́, ihò kékeré ti dí. Bí ẹ kò bá ti tú kábúrátọ̀ rí, ẹ pe mẹ́káníìkì. Ẹ má jẹ́ kó fi ìṣó tàbí wáyà irin ki inú ihò náà. Bí ihò bá fẹ̀ sí i, kò ní dára mọ́ láé. Okùn ìpẹja tín-ín-rín àti afẹ́fẹ́ pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ni kí ó fi ṣí i.

NÍGBÀ WO NI A LÈ YÍ SÍKÚRÙ?

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dìde ní ìta gbangba. Ẹ má gbé e dìde nínú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gáàsì burúkú kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ó ń pa ènìyàn bí ẹni tó sùn lọ.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kó lè gbóná. Ẹ dá ọwọ́ epo padà pátápátá. Ẹ rọra yí síkúrù ràláńtì, díẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá yí i wọlé, eré á pọ̀ sí i. Bí ẹ bá yí i jáde, eré á dínkù. Ẹ dúró níbi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti dọ́gba, tí kò gbọ̀n, tí kò sì kú. Ẹ fún un ní epo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dá a padà. Bí ó bá padà sí jẹ́jẹ́ láì kú, iṣẹ́ ti parí. Ẹ pa á pẹ̀lú bọ́tìnì.

Ẹ má fọwọ́ kan sípíríǹgì tó ń díwọ̀n eré ẹ́ńjìnnì. Òun ni kì í jẹ́ kó sáré ju bó ti yẹ lọ. Bí wọ́n bá fà á le kí ẹ̀rọ lè yára sí i, irin inú ẹ́ńjìnnì lè fọ́ jáde.

ẸŃJÌNNÌ ỌKỌ̀ OJÚ OMI NÁÀ RÍ BẸ́Ẹ̀

Àwọn ọmọ wa kan ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè, lórí ọ̀sà Nokoué, níbi tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń gbé èrò àti ẹja. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1909, Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, òòfà àti bóbìnì náà ló ń bí iná, wáyà ìpa náà ló ń pa á.

Wọ́n tún fi ọgbọ́n kan kún un. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ á so okùn kan mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Orí okùn náà wà lára bọ́tìnì ìpa. Bí ó bá já sómi, okùn á fa orí rẹ̀ yọ, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ kò ní sáré lọ fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní yí padà wá gé e. Nítorí náà, ẹni tí bọ́tìnì ìpa rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú omi wà nínú ewu bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́.

Ìyàtọ̀ kan wà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ ń lo òróró tí a pò mọ́ ẹ̀sáǹsì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró tiwa ní ibi tirẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ ẹ̀sáǹsì.

BÍ ỌWỌ́ ÈNÌYÀN BÁ KÓ SÍ Ẹ̀RỌ

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ná kí ẹ tó fa ẹni náà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, eérú, tàbí ẹ̀sáǹsì sí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láì fàkókò ṣòfò. Ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ipá, tí wọ́n ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n dídènà ló dára jù. Ẹ fi páànù tàbí àwọ̀n irin bo kúrúwà. Ẹ fi igi ti ẹ̀gẹ́ wọlé, ẹ má fi ọwọ́ tì í. Ẹ so gèlè àti ìró yín le. Ẹ má gbé ọmọ pọ̀n sún mọ́ ẹ̀rọ.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE NÍ ÀRÁÁRỌ̀

1. Ẹ wo òróró ẹ́ńjìnnì.
2. Ẹ wo wáyà láti orí dé ìdí.
3. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dìde láì tíì fi ẹ̀gẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kó yí jẹ́jẹ́.
4. Ẹ pa á pẹ̀lú bọ́tìnì. Bí kò bá kú, kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹ bá tún un ṣe.
5. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi àkísà tútù nu omi ẹ̀gẹ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì àti bọ́tìnì. Ẹ sì fi àkísà gbígbẹ nù ún.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ lè sọ pé, "Èrò pọ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí a rin ẹ̀gẹ́ yìí ná, a ó tún bọ́tìnì ṣe lọ́la." Ẹ má gbà fún un. Ẹ̀gẹ́ tí a kò rin lónìí, a lè rin ín lọ́la. Ìka tó bá gé kì í hù mọ́. Ìfura loògùn àgbà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bọ́tìnì iná ilé àti bọ́tìnì ìpa ẹ́ńjìnnì?
2. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò kú, ohun mẹ́rin wo ni ẹ máa ṣe?
3. Kí nìdí tí síkúrù ràláńtì fi gbọ́dọ̀ kẹ́yìn?
4. Ní abúlé yín, ta ló mọ bí a ṣe ń pa ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́? Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ wo ni ẹ máa kọ́ ọ?